Toyota MR2 SW20: mo fẹ́ yọ tọ́bò CT26, kí n gbé èyí tó tóbi jù ú lọ sí i. Kí ló yẹ kí n rà pẹ̀lú rẹ̀?

#1 · Ìyíká7000
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Toyota MR2 SW20 ni ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì 3S-GTE ìran kejì: tọ́bò CT26, nọ́zù epo 440cc, mítà afẹ́fẹ́ onílẹ̀kùn, T-VIS (àwọn ilẹ̀kùn kékeré ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí kíákíá). Gbogbo rẹ̀ ṣì wà bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, àyàfi sálẹ́ńsà ẹ̀yìn. 300 agbára ẹṣin lórí kíráńkì ni mo ń wá, kó sì tètè jí. Mi ò fẹ́ tọ́bò tí yóò máa sùn títí di 5000 rpm (ìyíká ní ìṣẹ́jú kan). Garrett GT2860RS ni mo ń wò. Ṣé ó tó, àbí ó pọ̀ jù? Àwọn kan ní kí n ṣáà dè é mọ́ ọn, kí n gbé búùsù (ìtì afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fi kún un) sókè, ó parí.

#2 · ỌmọAgbẹ̀dẹ
Àbúrò, ẹni tó ní kí o ṣáà dè é mọ́ ọn kò ní bá ọ dá owó písítìnnì. Tọ́bò gan-an ló rọrùn jù nínú iṣẹ́ yìí. Afẹ́fẹ́ ni kí o kọ́kọ́ ṣírò.

300 × 11.5 × 0.55 ÷ 60 = 31.6. Pọ́n-ùn afẹ́fẹ́ 31.6 ni ẹ́ńjìnnì rẹ gbọ́dọ̀ máa gbé mì ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn nǹkan bíi kílò 14.3. 11.5 yẹn ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo nígbà tí o bá tẹná mọ́lẹ̀, 0.55 ni pọ́n-ùn epo tí ẹṣin kan ń jẹ ní wákàtí kan lára ẹ́ńjìnnì tọ́bò.

Ó wá ku búùsù. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 tó ń yí 7000, tó ń kún dé ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, tí afẹ́fẹ́ inú mánífóòdù rẹ̀ (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ sí sílíńdà) gbóná dé 54°C, yóò nílò ìtì bíi 29.4 psi lápapọ̀ kó tó lè gbé ìwọ̀n yẹn mì. Yọ 14.7 tó jẹ́ ti ojú ọ̀run kúrò, ó ku 14.7: bar kan péré. Íńtákúlà (rédíétọ̀ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) àti páìpù yóò jẹ tó 2 psi, nítorí náà 31.4 ni tọ́bò yóò máa tú jáde. Fílítà afẹ́fẹ́ náà yóò fa 1 psi kúrò ní àbáwọlé, ó ku 13.7. Pín in: 31.4 ÷ 13.7 = 2.29, ìyẹn ìlọ́po ìtì afẹ́fẹ́ láti àbáwọlé dé àbájáde tọ́bò.

Gbé 2.29 àti 31.6 sórí àwòrán kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ (apá tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́) GT2860RS. Inú àwòrán ló bọ́ sí, ní apá ọ̀tún, àyè díẹ̀ sì ṣì kù. Garrett fúnra wọn kọ 360 ẹṣin sí i, àmọ́ bí o bá ti ń súnmọ́ etí yẹn, ooru lò ń rà, kì í ṣe agbára. Fún 300, ó bá a mu gan-an. Ilé èéfín A/R 0.64 (A/R ni ìwọ̀n bí ọ̀nà inú ilé náà ṣe fẹ̀ tó) ni kí o mú. 0.86 yóò mí dáadáa lókè, ṣùgbọ́n yóò pẹ́ kó tó jí, ohun tí o sì ní o kò fẹ́ nìyẹn.

#3 · Ẹlẹ́póTútù
Kí n bá ẹ̀gbọ́n gbé e láti ibi epo. 300 × 0.55 = pọ́n-ùn epo 165 ní wákàtí kan. Pín in sí nọ́zù mẹ́rin: 41.25. Nọ́zù kò gbọ́dọ̀ ṣí ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ lọ, torí náà 41.25 ÷ 0.8 = 51.6. Sọ ọ́ di cc nípa fífi 10.5 sọ ọ́ di púpọ̀: 541cc. Nọ́zù 550 ni kí ẹ máa wá. Nọ́zù 440 tí ẹ ní yìí, bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ padà, 244 ẹṣin ló gbé dé kó tó kọjá ààlà.

Ohun méjì ló máa ń mú èèyàn níbẹ̀. Èkíní, nọ́zù ìran kejì kò ní ohm púpọ̀, inú àpótí résístọ̀ kan ni iná rẹ̀ ń gbà kọjá. Bí tuntun tí ẹ rà bá jẹ́ ti ohm ńlá (bíi 12), ẹ fo àpótí yẹn, ẹ so wáyà tààrà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, nọ́zù yóò máa lọ́ra láti ṣí. Èkejì, ẹ wò bóyá orí ni epo ń gbà wọ nọ́zù tuntun náà tàbí ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá bá tàtijọ́ mu, ẹ ó pààrọ̀ páìpù epo pẹ̀lú.

Pọ́ńpù inú táńkì: 255 lítà ní wákàtí kan tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹ rántí pé 3 bar ni epo fi ń dúró sí ẹnu nọ́zù, bar kan búùsù yóò sì sọ ọ́ di 4, pọ́ńpù yòówù kì í sì í tú tó bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí ìtì bá ga. Ẹ fa wáyà tuntun tó nípọn láti ẹnu bátìrì, kí ó gba fíúsì àti rílé. Wáyà tó ti gbó ń jẹ fóòlùtì, pọ́ńpù tuntun yóò sì máa ṣe bí arúgbó.

#4 · Ìyíká7000
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan ní ECU (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ọkọ̀ yìí ń gé epo bí búùsù bá kọjá 12 psi, àti pé nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń so mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ búùsù kó má baà gé e mọ́. Ṣé mo lè fi ìyẹn ṣe é ná?

#5 · AlátúnṣeECU
Rárá o. Gígé yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó ń dáàbò bo písítìnnì yín, ẹ sì fẹ́ ré e jẹ.

Mítà afẹ́fẹ́ ìran kejì, ilẹ̀kùn ni. Afẹ́fẹ́ ń tì í, ó ń ṣí. Nígbà tó bá ti ṣí dé òpin, afẹ́fẹ́ tó bá lé lórí ìyẹn, ECU kò rí i. Ó rò pé kò sí nǹkan tó yí padà, kò sì fi epo kún un. Òkè ni búùsù ń lọ, epo dúró sójú kan, iná gbẹ, ó nọ́ọ̀kì (epo ń bú fúnra rẹ̀ nínú sílíńdà), etí písítìnnì lẹ́bàá ríìnì kán. Ẹ kò ní gbọ́ ohunkóhun láti ìjókòó awakọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ ni ECU tí a lè kọ̀wé sí, tó ń ka ìtì inú mánífóòdù. Sẹ́ńsọ̀ MAP oní 3 bar ni kí ẹ rà. Ó ń ka ojú ọ̀run mọ́ ọn, nítorí náà búùsù 2 bar ló lè rí. Ẹ fi sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́ sí páìpù lẹ́yìn íńtákúlà, kì í ṣe sára mánífóòdù tó ń gbóná kiri. Ẹ fi wideband (sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo) sí páìpù èéfín, kó jìnnà díẹ̀ sí tọ́bò, kó gba apá òkè páìpù wọlé kí omi má baà dúró nínú rẹ̀. Ẹ yọ mítà onílẹ̀kùn dànù. Òun fúnra rẹ̀ ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà.

Nígbà títún tò, ẹ béèrè fún ìwé nọ́zù náà: iye àkókò tó ń fi ṣòfò kó tó ṣí ní fóòlùtì kọ̀ọ̀kan. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n nígbà tó bá ń sinmi, ẹ ó sì máa di ẹ̀bi rẹ̀ ru tọ́bò. Lábẹ́ búùsù kíkún, afẹ́fẹ́ 11.5 sí epo 1, ìyẹn lambda 0.78 lórí wideband. Pulọ́ọ̀gì: NGK BKR7E, àlàfo 0.7 mm. Bí iná bá ń kú lókè, ẹ dín in sí 0.6 kí ẹ tó máa ra kọ́ìlì.

#6 · Èéfín_Funfun
Ẹ jẹ́ kí n ta ko yín díẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò dárúkọ CT20B, tọ́bò ẹ́ńjìnnì ìran kẹta? Ó wọ mánífóòdù èéfín tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì jẹ́ oníhò méjì, omi àti ọ́ìlì wà níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè gé abẹ̀bẹ̀ tó tóbi jù sínú rẹ̀. GT2860RS ń bèèrè mánífóòdù èéfín tó ní ẹnu T25, páìpù èéfín tuntun, páìpù ọ́ìlì, páìpù omi, páìpù afẹ́fẹ́. Owó mánífóòdù nìkan lè ra ohun tí mo sọ yìí.

#7 · ỌmọAgbẹ̀dẹ
@Èéfín_Funfun òótọ́ lo sọ, mi ò jiyàn. Ẹni tó bá ń wá 260 sí 270, kó gba CT20B kó máa lọ. Àmọ́ ohun mẹ́ta ni kí ẹni tó bá fẹ́ gé abẹ̀bẹ̀ sí i wò. Ẹni tó gé e dá a wọ̀n lórí ẹ̀rọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì àbí kò wọ̀n ọ́n? Ilé CT àtijọ́ máa ń sán láàárín ihò wéésítigéètì (ilẹ̀kùn tó ń tú èéfín tó pọ̀ jù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ̀bẹ̀) méjèèjì. Wá iná tọ́ọ̀ṣì, wò ó dáadáa. Bẹ́ríǹ tó ń dá ọ̀pá dúró kó má baà lọ síwá-sẹ́yìn ńkọ́? Ti àtijọ́ kò yí ká tán. Bí búùsù bá ga, òun ló kọ́kọ́ ń jẹ.

Ìṣòro kejì ni àṣírí tí àwọn tó ń ta á kì í sọ: abẹ̀bẹ̀ afẹ́fẹ́ ńlá lórí abẹ̀bẹ̀ èéfín kékeré, ìtì èéfín nínú mánífóòdù yóò ga ju búùsù lọ fíìfíì. Èéfín gbígbóná padà sínú sílíńdà, nọ́ọ̀kì sì dé ṣáájú àkókò. Lórí GT2860RS, abẹ̀bẹ̀ afẹ́fẹ́ 60 mm, ti èéfín 53.9 mm. Àwọn méjèèjì bára wọn mu.

#8 · ÌyáBẹ́ríǹ
Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí èyí tó tóbi, èyí tó kéré. Ọ́ìlì ló ń pa tọ́bò tuntun, kì í ṣe búùsù.

Bẹ́ríǹ oníbọ́ọ̀lù ló wà nínú GT2860RS, kò sì fẹ́ ọ́ìlì púpọ̀ bíi ti CT26. Garrett ní kí ìtì ọ́ìlì ní ẹnu tọ́bò má kọjá 40 sí 45 psi nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jù lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi ohun ìdínkù sí i, ihò rẹ̀ bíi 1 mm. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ so géèjì mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, ẹ kà á. Ihò 1 mm yìí, ekuru sílíkónì kan tó láti dí i pa, ìdí nìyí tí a kì í fi í kun sílíkónì sí ìsopọ̀ ọ́ìlì tọ́bò rárá, yálà lókè tàbí nísàlẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì gbígbẹ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni téèpù funfun tí wọ́n fi ń di ẹnu páìpù omi: kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Páìpù ìdápadà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ọ́ìlì tó jáde kúrò nínú tọ́bò kò ní ìtì mọ́, ó ti di fọ́ọ̀mù, bí ó ṣe wúwo nìkan ló fi ń ṣàn. Inú páìpù náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìlàjì íńṣì. Kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju 35° lọ sí ìdúró gangan, kò gbọ́dọ̀ sí ibi tó ti lọ sókè kó tó sọ̀kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wọlé sí òkè ọ́ìlì inú pánù. Nítorí èyí, ẹ tú bóòtù ilé afẹ́fẹ́ àti ilé èéfín díẹ̀, ẹ yí àárín tọ́bò títí ẹnu ọ́ìlì yóò fi kọjú sókè gangan tí ìdápadà yóò sì kọjú sílẹ̀, KÍ Ẹ TÓ gbé e sínú ọkọ̀. Nínú SW20, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lápá bọ́ọ̀tù ni tọ́bò wà, ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é.

Ẹ so omi mọ́ ọn pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ẹ bá pa ọkọ̀, ooru ilé èéfín yóò rìn wọ inú bẹ́ríǹ, yóò sì sun ọ́ìlì tó kù níbẹ̀ di èédú. Bí páìpù omi bá wọlé nísàlẹ̀ tó jáde lókè, omi gbígbóná á máa gòkè fúnra rẹ̀, kódà láìsí pọ́ńpù.

#9 · Tọ́ọ̀ṣìAlẹ́
Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n @ÌyáBẹ́ríǹ. Tọ́bò tuntun, páìpù ìdápadà tóbi, ó sì tún ń tú èéfín búlúù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sinmi. Kí ni ká wò kí a tó ní tọ́bò ti bàjẹ́?

#10 · ÌyáBẹ́ríǹ
Ìtì inú kíráńkì. Bí fáàfù PCV (èyí tó ń jẹ́ kí èémí inú kíráńkì jáde) bá ti dí, tàbí ríìnì ti ń jò, èémí inú pánù kò ríbi jáde, yóò máa ti ọ́ìlì tó ń padà. Ọ́ìlì á dúró nínú tọ́bò, á wá ọ̀nà gba ara ọ̀pá. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń sinmi: bí èéfín náà bá dín kù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe ẹ̀bi tọ́bò. Ẹ tún yọ páìpù afẹ́fẹ́ tó ti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ jáde. Bí ibẹ̀ bá gbẹ tí ilé èéfín sì rin, páìpù ìdápadà tàbí ìtì ọ́ìlì tó pọ̀ jù ni.

#11 · Ìyíká7000
Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Íńtákúlà ẹ̀gbẹ́ tó wà lára ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè gbé bar kan? Àti fáàfù tó ń tú búùsù dànù, tó ń pariwo pṣṣṣ yẹn, ṣé mo lè fi sí i?

#12 · AlátúnṣeECU
Fáàfù: níwọ̀n ìgbà tí mítà onílẹ̀kùn bá ṣì wà, afẹ́fẹ́ tó bá tú síta, ECU ti kà á, epo rẹ̀ sì ti wọlé. Ẹ ó rí èéfín dúdú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa gíà dà. Ẹ dá a padà sínú páìpù àbáwọlé. Pẹ̀lú MAP, ẹ ṣe bó bá ṣe wù yín. Kò fi agbára kún un, ariwo lásán ni.

Íńtákúlà: ẹ ṣírò ooru. Bí ojú ọjọ́ bá jẹ́ 30°C, ìlọ́po 2.3, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dé ìdá 72, afẹ́fẹ́ yóò jáde ní nǹkan bíi 143°C. Íńtákúlà tó bá mú ìdá 70 ooru náà kúrò yóò gbé e wá sí 64°C. Ti ilé iṣẹ́ kéré, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló sì ti ń mí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹná, ó dára. Ìgbà kẹta, ó ti di ìkòkò. Ẹ wá èyí tó nípọn jù fún ẹ̀gbẹ́ náà, kí ẹ fi fáànù sí i, tàbí kí ẹ lo oní-omi, kí rédíétọ̀ rẹ̀ wà níwájú. Oní-omi ló bá ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín mu jù, àmọ́ ó fi kílò kún un, pọ́ńpù rẹ̀ sì di nǹkan mìíràn tó lè kú.

#13 · ỌmọAgbẹ̀dẹ
Kí o tó gbé e jáde lọ sí ibi títún tò, ìdánwò jíjò. Dí ẹnu tọ́bò, fẹ́ 15 psi sínú rẹ̀, fi omi ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀. Bí o bá gbọ́ pé ó ń jò nínú kíráńkì, fáàfù tó ṣí lo ń gbọ́. Ṣí ìdérí ọ́ìlì kí ìtì má baà ti síìlì jáde, kí o yí kíráńkì díẹ̀. Àwọn rọ́bà kékeré lábẹ́ mánífóòdù afẹ́fẹ́, níbi tí T-VIS wà, ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ìtaná àkọ́kọ́: da ọ́ìlì díẹ̀ sí ẹnu ọ́ìlì tọ́bò, fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀. Yọ fíúsì EFI (ti ẹ̀rọ tó ń fún epo) kó má baà jó. Yí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15, jẹ́ kí sítátà sinmi, tún un ṣe, títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Ìgbà yẹn ni kí o tó dá fíúsì padà. Lẹ́yìn tó bá jó, jẹ́ kó sinmi, má fi ẹsẹ̀ kan iná, yẹ gbogbo ìsopọ̀ ọ́ìlì wò. Pa ọ́ìlì náà dà lẹ́yìn kìlómítà 500. Irin tí ọwọ́ gbẹ́ nígbà iṣẹ́ wà nínú rẹ̀.

Wéésítigéètì: fa ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra bíi 2 mm kó tó wọ ihò, kí ìlẹ̀kùn náà dúró pa. So rọ́bà tààrà láti kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, má so sólẹ́nọ́ìdì (fáàfù oníná tó ń gbé búùsù sókè) ná. Búùsù tó bá jáde báyìí ni búùsù síprín, òun sì ni ó kéré jù tí o lè ní. Tẹná ní gíà kẹta láti 2500 dé òkè, wo géèjì. Bí ó bá dé ibi síprín tó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí rpm ṣe ń gòkè, sólẹ́nọ́ìdì kò lè gbà ọ́. Ihò wéésítigéètì kéré jù fún páìpù èéfín íńṣì 3 tó ń mí geerege. Yọ tọ́bò, gbẹ́ ihò náà fẹ̀, kí o sì fi ojú rẹ̀ sí bí ìlẹ̀kùn ṣe bo ihò tó. Ohun tí a bá gbẹ́ jù kò ṣeé dá padà.

#14 · Èéfín_Funfun
Mo gbà fún ẹ̀gbọ́n lórí 300. Kílọ́ọ̀ṣì kò tíì jáde o. 300 ẹṣin ní 6500 jẹ́ 329 Nm, ní 4500 yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti Japan ń fúnni ní 304 Nm. Gíábọ́ọ̀sì E153 yóò gbé e láìmira. Páléètì kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ni yóò yọ̀, ní gíà kẹrin àti ìkarùn-ún, lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti jí.

#15 · Tọ́ọ̀ṣìAlẹ́
Nọ́ọ̀tì tọ́bò pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná tó sì tutù tán nígbà mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ tún wọn fún nígbà tó bá tutù. Páìpù èéfín tó gùn tó sì wúwo gbọ́dọ̀ ní ohun tó gbé e ró lára ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe lára ọkọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu tọ́bò ló ń ru gbogbo ìgbọ̀n rẹ̀, sítọ́ọ̀dù á sì máa já.

#16 · Ìyíká7000
Ó ti yé mi. Mo ti yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ríra mi padà: ECU, MAP àti wideband, nọ́zù 550 àti pọ́ńpù, kílọ́ọ̀ṣì, íńtákúlà. Tọ́bò àti mánífóòdù ló kẹ́yìn. Ìbéèrè kan ló kù: omi. Bí mo bá tú páìpù omi tọ́bò, báwo ni mo ṣe máa lé afẹ́fẹ́ jáde nígbà tí rédíétọ̀ wà níwájú tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn?

#17 · Ẹlẹ́póTútù
Ibi méjì ni ẹ ó ṣí: kókó ìtúfẹ́ lára rédíétọ̀ níwájú, àti ti hítà. Ẹ so rọ́bà tó mọ́ gaara mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fà á sókè kí ẹnu rẹ̀ ga ju ibi tí a ń bu omi sí lọ. Ẹ yí hítà sí gbígbóná jù. Ẹ máa bu omi sí i láti ẹ̀yìn, níbi ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀, títí omi inú rọ́bà méjèèjì yóò fi dọ́gba tí kò sì sí ìhó mọ́. Ẹ dí àwọn kókó náà, ẹ taná, ẹ dúró títí fáànù rédíétọ̀ yóò fi yí lẹ́ẹ̀mejì. Kó tutù tán, ẹ tún bu omi sí i. Bí géèjì ooru bá ń gòkè tó ń já wálẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má tíì wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan.